Ọ̀rọ̀ Tí Aboyún Lè Máa Bá Ara Rẹ̀ Sọ Kí Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Tó Dé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Òṣogbo ni mò ń gbé. Oyún mi ti wọ oṣù keje, òun sì ni àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí ikùn mi ti yọ ni gbogbo èèyàn ti ń sọ ìtàn ìrọbí fún mi: ẹni tó rọbí fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó ya, ẹni tí wọ́n gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lóru. Oorun ò kun ojú mi mọ́. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kan máa ń bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ rere lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi bímọ, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ara balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá ọkọ mi ní àdúrà ni kí n gbájú mọ́, pé nǹkan òyìnbó nìyẹn. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Kí ni kí n máa sọ? Ṣé kò sì ti pẹ́ jù?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o.

Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń polówó rẹ̀ fún ló ń ṣe. Kò ní gbé ìrora kúrò. Kò ní yí ọmọ tó fi ìdí sísàlẹ̀ padà, kò sì ní la ìbàdí tó há. Ohun tó lè ṣe ni kó má jẹ́ kí ẹ̀rù gun orí ìrora, kó o lè sinmi nígbà tí ìsinmi bá yọjú, kí etí rẹ lè gbọ́ ohun tí agbẹ̀bí ń sọ, kó o sì lè fara balẹ̀ pinnu bí nǹkan bá yí padà. Èmi tí mò ń gbẹ̀bí mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ohun tí ẹ̀rù ń ṣe nínú ara kò fara sin. Bí ọ̀kadà bá fẹ́ kọ lù ẹ́ lójú títì, o ò ní dúró rò ó: àyà á já, èjìká á gùn sókè, ọwọ́ á di gírí, èémí á kúrú. Èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline ló tú sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń darí ẹ̀jẹ̀ sí apá àti ẹsẹ̀ kó o lè sá. Ó wúlò lójú títì. Lórí bẹ́ẹ̀dì ìrọbí, kò síbi tó o fẹ́ sá lọ. Bó bá pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀ ìrọbí, ilé ọmọ lè má fún pọ̀ dáadáa mọ́, tàbí kó máa ṣe ségesège. Èròjà ara mìíràn, oxytocin, ló ń mú ilé ọmọ ṣiṣẹ́, ó sì máa ń tú dáadáa níbi tí obìnrin bá ti rò pé òun wà lábẹ́ ààbò: ibi tó dákẹ́, tí iná ò mọ́lẹ̀ jù, tí ojú tó mọ̀ wà nítòsí. Ìdí nìyẹn tí ìrọbí fi lè máa lọ geerege nílé, kó wá dẹwọ́ bí ẹnì kan bá jágbe mọ́ obìnrin náà bó ṣe wọ ọsibítù.

Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Grantly Dick-Read, ó kọ ìwé lórí èyí ní ọdún 1933. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹ̀rù ló ń mú ara le, ara tó le ló ń dá kún ìrora, ìrora sì tún ń bí ẹ̀rù mìíràn. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tó ti ki àṣejù bọ̀ ọ́ ni bó ṣe fẹ́ẹ̀ sọ pé bí ẹ̀rù bá ti kúrò, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìrora tí yóò ṣẹ́ kù. Ọkùnrin ni, kò rọbí rí. Iṣan ńlá ni ilé ọmọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ ńlá lọ́jọ́ náà. Ó máa ń dun ẹni tí ẹ̀rù ò bà pẹ̀lú.

Èyí tó o rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hypnobirthing ni wọ́n pè é. Kate, ìyàwó Ọmọ Ọba William, sọ ní 2020 pé òun lò ó, pé òun ò tiẹ̀ ní kí ọkọ òun dá sí i. Kì í ṣe idán. Èémí ni, ìtura ara ni, ọ̀rọ̀ àsọtúnsọ ni. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tó ń kó ìwádìí jọ fún Cochrane, ẹgbẹ́ kárí ayé tó ń yẹ ìwádìí ìlera wò, yẹ ìwádìí mẹ́sàn-án wò lórí rẹ̀, obìnrin tó wà nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Àwọn tó kọ́ ọ kò lo oògùn ìrora tó àwọn tí kò kọ́ ọ. Ní ti bíbí láìlo irinṣẹ́ tàbí ọ̀bẹ, kò sí ìyàtọ̀ tó hàn kedere láàárín wọn. Nínú ìwádìí mìíràn tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2015, iye àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn fún ìrora fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀rù àti àníyàn lọ sílẹ̀ lára àwọn tó kọ́ ọ ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lọ́wọ́ rẹ kí òun kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ, fi owó yẹn ra nápíìsì.

Ohun kan tó yẹ kó o mọ̀ ni pé o ti ń bá ara rẹ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní aago méjì òru tí oorun ò kun ojú rẹ yẹn, kí lò ń sọ? “Bí mo bá ya ńkọ́? Bí mi ò bá lè ṣe é ńkọ́?” O ti ń há wọn sórí lálaalẹ́. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ wá sí ẹnu rẹ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ bí o ò bá fi òmíràn rọ́pò wọn.

Mú ìwé kékeré kan, kọ àwọn ìbẹ̀rù náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan méjì nínú: ìbéèrè tó o máa gbé lọ sí kíńlíìkì, àti gbólóhùn tó o máa fún ara rẹ. Mú yíya. Ìbéèrè rẹ ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé gbogbo olóyún àkọ́kọ́ lẹ máa ń gé lójú ara níhìn-ín kí ọmọ lè jáde?” Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ ní 2018 pé kò yẹ kí wọ́n máa gé gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀ láìnídìí, wọ́n sì fọwọ́ sí fífi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ gbé ojú ara nígbà tí orí ọmọ bá ń bọ̀. O lè béèrè ìyẹn náà. Gbólóhùn rẹ ni, “Mi ò kánjú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,” nítorí nígbà tí orí ọmọ bá yọ sẹ́nu ọ̀nà, ohun tí agbẹ̀bí fẹ́ gan-an nìyẹn: kó o dẹ́kun títì, kó o máa fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ara rí àyè fẹ̀.

Ti ẹni tó rọbí fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, bi í bóyá ó jẹun ní ọjọ́ kìíní. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó jẹun, ó wẹ̀, ó tún sùn díẹ̀. WHO ní kí a máa ka ojúlówó ìrọbí láti ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí tó 5 sẹ̀ǹtímítà, àti pé láti ibẹ̀ títí yóò fi ṣí tán, kì í sábàá kọjá wákàtí 12 fún ọmọ àkọ́kọ́. Ohun tó ṣáájú ìyẹn kò ní iye wákàtí kan pàtó, ó sì lè gùn. Ẹni tó bá ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí inú kọ́kọ́ lọ́ ọ yóò ní ìtàn tó gùn láti sọ. Gbólóhùn tìrẹ fún àkókò yẹn ni: “Ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mò ń jẹun, mò ń rìn, mò ń sinmi.”

O rí i pé àwọn gbólóhùn wọ̀nyí kò dún bí ìkéde. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Èyí tó ní “èmi kì yóò jẹ̀rora” máa ń di irọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí inú bá fún pọ̀, gbogbo ìyókù á sì bá a lọ. Kí ohun tó o máa sọ jẹ́ òótọ́ lónìí, kó jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Kó kúrú débi pé èémí kan á gbé e. Kó sì fún ara rẹ níṣẹ́ ṣe. “Ó mú mi, ó máa tú mi sílẹ̀” wà nínú àwọn tí mo fẹ́ràn jù, nítorí bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ìrọbí bá ti wọ̀ dáadáa, ó lè mú ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́ta ni tìrora, méje ni tìsinmi. Tó bá yá, yóò súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìsinmi ò ní ṣàìmáa wà láàárín. Ẹni tí ẹ̀rù bá gbé lọ á fi ìṣẹ́jú méje yẹn retí mẹ́ta, kò sì ní sinmi rárá.

Èkejì tí mo fẹ́ràn ni èyí tó ń bá ẹ̀yà ara sọ̀rọ̀: “Èjìká, wálẹ̀. Eyín, la ara yín. Ọwọ́, tú sílẹ̀.” Wo obìnrin tó ń rọbí tí ẹ̀rù bà. Ó gan eyín mọ́ra, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó sì sé èémí. Bí mo bá fọwọ́ lé e léjìká tí mo ní, “Gbé èyí sílẹ̀ fún mi,” èjìká á wálẹ̀, èémí á sì tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé mo tún sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kó o lè ṣe é fún ara rẹ, torí agbẹ̀bí kan lè máa tọ́jú obìnrin mẹ́rin lóru ọjọ́ kan.

Máa fi oríkì rẹ pe ara rẹ. Bó bá jẹ́ Àṣàkẹ́ ni, sọ pé, “Àṣàkẹ́, mí jáde. Àṣàkẹ́, o ń ṣe é.” Ní 2014, Ethan Kross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Michigan fi hàn pé àwọn tó ń fi orúkọ ara wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, ara wọn balẹ̀ ju ti àwọn tó ń sọ “èmi, èmi” lọ. Wọn kì í ṣe aboyún, kí n má parọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ń fi oríkì rẹ̀ pè é láti kékeré kò nílò Michigan kó tó mọ ohun tó ń ṣe sí ara. Ohùn ìyá àgbà ló wà níbẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ lásán ò tó. Ara gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n kó tó di ọjọ́ náà. Bí o ṣe máa kọ́ ọ nìyí: fi píọ̀ wọ́tà kan sínú fírísà títí yóò fi di yìnyín gan-an. Jókòó, dì í mú ní àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ọkọ rẹ máa wo aago. Ìgbà àkọ́kọ́, má ṣe nǹkan kan, ṣáà máa wò ó. Wàá rí bí ọkàn ṣe máa ń pariwo ní bí ìdajì ìṣẹ́jú pé kó o jù ú sílẹ̀. Sinmi díẹ̀, mú un ní ọwọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, fa èémí sínú ní imú, tú u jáde lẹ́nu kó pẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ, kí gbólóhùn rẹ máa bá èyí tó ń jáde lọ: “Ó mú mi… ó máa tú mi sílẹ̀.” Yìnyín náà ò ní gbóná sí i. Ìwọ ni wàá rí i pé o lè jókòó tì í. Ó jìnnà sí ìrọbí, mo mọ̀, àmọ́ kò sí ohun tó rọrùn tó o tún lè fi dán an wò nílé, kò sì ní ṣe ọmọ rẹ ní nǹkan kan. Máa ṣe é níwọ̀n ìgbà bíi mélòó kan lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ yòókù, máa sọ ọ́ nígbà tó o bá ń fọ abọ́, nínú kẹ̀kẹ́, nígbà tó o bá ń dúró de nọ́ọ̀sì kó pe nọ́ńbà káàdì rẹ. Bí ohùn ara rẹ ò bá tì ẹ́ lójú, gbà á sórí fóònù kó o máa gbọ́ ọ kó o tó sùn.

Mo wá kan ìyá ọkọ rẹ. Kò sí ìjà níbẹ̀, má sì jẹ́ kó di ìjà. Àdúrà ni o fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, èyí ni o fi ń bá èjìká rẹ sọ̀rọ̀. Ẹsẹ Sáàmù kúkúrú tàbí “Lá iláhà illá-Lláhù” lè gun orí èémí bí gbólóhùn mìíràn. Kódà ní kíńlíìkì aboyún, ṣebí orin àti ijó la fi ń bẹ̀rẹ̀ kí á tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnikẹ́ni? Ìyá ọkọ rẹ lè jẹ́ ẹni tó máa dúró tì ẹ́ lọ́jọ́ náà, kọ́ ọ ní gbólóhùn rẹ.

Ibi tí èmi àti àwọn kan ti máa ń fa ọ̀rọ̀ ni àdúrà “kí n bímọ bí obìnrin Hébérù, kí agbẹ̀bí tó dé.” Nínú Bíbélì, àwọn agbẹ̀bí ló sọ ọ́ fún Fáráò kí wọ́n lè dá ẹ̀mí àwọn ọmọ sí. Kì í ṣe pé ó burú láti gbà á. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé aboyún á fi oṣù mẹ́sàn-án sọ ọ́ pé “èmi kì yóò fi ọ̀bẹ bí,” títí dókítà á fi sọ pé ó ti ń rẹ ọmọ nínú, pé iṣẹ́ abẹ ló kù. Á ní àwọn ọ̀tá òun ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹbí á ní ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ilé àdúrà kan ná. Wákàtí tó ṣe pàtàkì jù á ti lọ. Ẹni tó sì gbà fún un nígbẹ̀yìn, tí ọmọ ké, tí ìyá yè, á tún máa sunkún ní wọ́ọ̀dù pé òun ò gbìyànjú tó. Nítorí náà, gbólóhùn kan wà tí mo fi dandan lé: “Ọ̀nà yòówù kí ọmọ mi gbà, mo ṣetán láti gbà á.” Máa sọ ọ́ láti ìsinsìnyí, pẹ̀lú àwọn tó kù. Bí ìrora bá sì wọ̀ ẹ́ lára jù, tí oògùn rẹ̀ wà níbi tó o ti ń bímọ, béèrè. Oògùn ò ba ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́.

Má lọ bí ọmọ ní ìwọ nìkan bí o bá lè yẹra fún un. Ní 2017, Cochrane tún kó ìwádìí 26 jọ, obìnrin tó lé ní 15,000, láti orílẹ̀-èdè 17: àwọn tí ẹnì kan dúró tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìrọbí bímọ fúnra wọn jù, ìrọbí wọn sì kúrú díẹ̀. Lójú tèmi, èyí lágbára ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó o lè sọ fún ara rẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, torí bẹ́ẹ̀dì pọ̀ sójú kan tí kátéènì ò sí. Béèrè nísinsìnyí, má dúró dọjọ́ ìrọbí. Bí wọ́n bá gbà, yan ẹni tó lè dákẹ́. Ẹni tó máa ń sọ pé “o ò tíì rí nǹkan kan” kò yẹ nítòsí ẹ, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n tìrẹ gan-an. Bí wọn ò bá gbà, ohùn tó o gbà sórí fóònù yẹn á wúlò, pẹ̀lú íápíìsì tí wàá fi sétí. Àwọn mìíràn á máa ké ní bẹ́ẹ̀dì kejì.

Ìwọ náà lè ké. Ìbàlẹ̀ ọkàn kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́. Igbe tó ń jáde láti ikùn, tó nípọn, tó lọ sílẹ̀, máa ń tú ara. Èyí tó ga fíofío nínú ọ̀fun ló máa ń mú èjìká gùn sókè. Nígbà tí ẹnu ilé ọmọ bá kù díẹ̀ kó ṣí tán, ó ṣeé ṣe kó o gbàgbé gbogbo gbólóhùn tó o kọ́, kó o máa gbọ̀n, kó o máa bì, kó o ní “mi ò ṣe mọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé.” Nígbà tí mo bá gbọ́ ìyẹn, ìbọ̀wọ́ ni mo máa ń lọ wọ̀. Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ọmọ ti dé tán. Sọ fún ẹni tó máa tẹ̀ lé ẹ kó má bà á lẹ́rù.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í fi ọ̀rọ̀ tù: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, orí fífọ́ tí kò lọ pẹ̀lú ojú tó ń ṣú, gìrì, ara gbígbóná, omi tó já tó ní àwọ̀ ewé tàbí tó ń rùn, ọmọ tí kò yí bó ṣe máa ń yí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, gba ọsibítù lọ, kó o máa ṣe èémí rẹ nínú ọkọ̀. Àìrí oorun sùn rẹ náà, sọ fún wọn ní kíńlíìkì lọ́jọ́ tó o bá tún lọ. Bí ẹ̀rù bá ti ń bo ọ̀sán mọ́ òru, tí oúnjẹ ò lọ mọ́, ó ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Kò pẹ́ jù rárá. Oṣù keje fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ tó. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni kó o mú, má kó ogún jọ. Kọ wọ́n sí ẹ̀yìn káàdì aboyún rẹ níbi tí nọ́ọ̀sì á ti rí i, kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà lè mọ ohun tó máa bá ẹ sọ. Tí ẹlòmíràn bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀, rẹ́rìn-ín sí i, kó o ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n bí tèmi ná, màá wá gbọ́ tiyín.”